Fàdákà Inú Gọ́tà

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná. Ní 1988 tí àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ṣebí gbogbo ìlú ló figbe ta? Èyí tá a ń fọwọ́ ara wa dà ńkọ́? Oògùn tí ilé ìwòsàn ti fi fọ fíìmù X-ray ní fàdákà nínú, ó sì ń ṣe ẹja ní jàǹbá. Ẹni tó bá dà á sí gọ́tà ní Ìjọra, ọ̀sà ló dà á sí. Ẹ má sọ pé kékeré ni: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Fàdákà yẹn ṣeé yọ, ó ṣeé tà! Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà láìlo fíìmù náà ti wà. Ẹ̀yin dókítà, àwòrán tí kò pọndandan, ẹ má ní ká lọ yà á. Kẹ́ ẹ wo ọmọ sàn, kẹ́ ẹ tún da májèlé sọ́nà ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ẹ̀? Mo kọ̀ ọ́ o!