Ta Ni Wọ́n Ń Jí Òkú Fún?

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìjọ Ọlọ́run gan-an ló yẹ ká pa òwe yìí fún, nítorí ọ̀rọ̀ òkú jíjí ti sọ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ di afọ́jú.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, fídíò kan jáde láti Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Ọkùnrin kan dìde jókòó nínú pósí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, pásítọ̀ dúró tì í, èrò ń hó. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sìnkú fi kígbe pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi fa àwọn wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìjọ pásítọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ wá sọ pé ọkùnrin náà ti wà láàyè kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Jésù ṣe jí òkú nínú Máàkù orí 5. Ọmọbìnrin Jáírù, olórí sínágọ́gù, kú ní ọmọ ọdún 12. Nígbà tí Jésù dé, ẹkún ti gba ilé kan. Mátíù ní àwọn afunfèrè pàápàá ti dé. Jésù ní ọmọ náà sùn ni, làwọn tó ń ké bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Irú ẹkún wo ló ń di ẹ̀rín lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀? Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Jésù lé gbogbo wọn síta. Bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù nìkan ló mú wọlé. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní kó dìde, ọmọ dìde, ó ń rìn. Jésù kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, ó sì ní kí wọ́n wá nǹkan fún un jẹ.

Oúnjẹ! Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ iṣẹ́ ìyanu náà wà. Ẹni tó jí ọmọ yìí kò gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀, kò mú un yí ìlú ká. Ó dá a padà sídìí àwo ìyá rẹ̀. Ní Náínì, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan bí ni wọ́n ń gbé lọ sin. Opó náà ò bẹ̀bẹ̀, Jésù ò sì bi í bóyá ó ní ìgbàgbọ́. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Nígbà tí ọmọ jókòó, ìyá rẹ̀ ni Jésù fà á lé lọ́wọ́. Ní Jọ́pà, nígbà tí Dọ́kásì kú, Pétérù ní kí àwọn opó tó ń fi aṣọ tí obìnrin náà rán hàn án jáde ná, kó tó kúnlẹ̀. Wòlíì Èlíṣà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti òkú ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù.

Òótọ́ ni pé ìṣojú èrò ni ti Náínì àti ti Lásárù, tí Jésù jí ní Bẹ́tánì, ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń polongo òkú jíjí sì lè ní ògo Ọlọ́run làwọn ń wá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èrè wo ni Jésù jẹ ní Bẹ́tánì? Lẹ́yìn tó jí Lásárù ni àwọn olórí àlùfáà pinnu láti pa á, wọ́n tún ń wá bí wọ́n ṣe máa pa Lásárù náà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ohun tí ojú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń polongo òkú jíjí lóde òní. Obìnrin tó yẹ kí ìyekan rẹ̀ dì mú nínú yàrá, iwájú kámẹ́rà ni wọ́n gbé e jókòó sí. Wọ́n na makirofóònù sí i lẹ́nu. Wọ́n ní bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá tó, ọmọ á dìde. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, òkú ń wú. Bí bàbá ọkọ rẹ̀ bá béèrè ìgbà tí wọn yóò sin ín, wọ́n á ní èṣù ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ ò bá wá dìde, àìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀ ni wọn yóò dá lẹ́bi. Obìnrin tó ti pàdánù ọmọ á wá padà sílé bí ẹni tó pa ọmọ fúnra rẹ̀! Ta ló rán wọn níṣẹ́ burúkú yìí? Inú ìwé Ìhìn Rere wo ni wọ́n ti rí i?

Wòlíì tó bá ní òun lè jí òkú, kó bá bàbá àti ìyá wọ yàrá, kó pa kámẹ́rà, kó ti ìlẹ̀kùn. Bí Ọlọ́run bá dáhùn, kí ìyá ọmọ wá sọ fún wa nígbà tó bá wù ú. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹbí gbé òkú wọn lọ sin, kí ẹnikẹ́ni má bi obìnrin náà léèrè ohunkóhun.