Ìtàn Tí A Bí Ní Wẹ́wẹ́

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bleak House, ìwé ìtàn àròsọ tí Charles Dickens kọ, ṣe wọ ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Kẹta ọdún 1852 títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1853, oṣooṣù ni ìwé pẹlẹbẹ kan ń jáde. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi ti ìgbẹ̀yìn tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ ogún Jarndyce yóò já sí, àfi kí ó fọwọ́ lẹ́rán títí oṣù mìíràn yóò fi lé.

Ní ọdún 1985, BBC fi ìwé yìí ṣe eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní apá mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2005, Andrew Davies pín in sí apá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkọ́kọ́ gba wákàtí kan. Ààbọ̀ wákàtí péré ni àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ìwọ̀sí ni láti gé iṣẹ́ àgbà òǹkọ̀wé kéékèèké bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ta ni ó kọ́kọ́ gé e bí kò ṣe Dickens fúnra rẹ̀? Agbẹjọ́rò Tulkinghorn ń tọpinpin Lady Dedlock, ẹni tí ó bímọ kí ó tó lọ́kọ, tí wọ́n sì purọ́ fún un pé ọmọ náà kú. Irú àṣírí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Ohùn asọ̀tàn kejì tí ó wà nínú ìwé kò sí nínú eré náà, àdánù gidi nìyẹn.)

Àwa náà mọ adùn yìí. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, kí ó tó di odidi ìwé ní ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ nípa rẹ̀, bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni obìnrin náà. Láàárín ìtẹ̀jáde kan sí èkejì ni ìtàn náà di ti ará ìlú.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè wo apá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́júmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò mọ̀ pé owó ẹjọ́ ló jẹ ogún Jarndyce tán, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi eré yìí kọ́ni, ẹ fi apá kan hàn wọ́n, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí Tulkinghorn yóò ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni kí ẹ tó tàn án padà.