Ìyá Tí Mo Pa Lórí Rédíò

Ọmọ àbúrò mi wá dágbére fún mi níjẹta pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ó ní, “Bàbá, kí ni kí n ṣọ́ra fún?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ní ọdún 1986 ni èmi náà lọ, nínú ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni bàbá mi ń pe rédíò, láti ayé àpótí tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ wọ ilé ní Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì.

Yàrá ìsọ̀rọ̀ ibẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀kùn méjì ni ó ní; o gbọdọ̀ ti èkíní kí o tó ṣí èkejì, kí ariwo má bàa bá ọ wọlé. Bí iná pupa bá ti tàn, ẹni tí ikọ́ ń gbé yóò gbé e mì. Ìyá tí ó ń kọ́ mi níṣẹ́ a máa bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, a sì yọ pínnì kúrò lára ìwé, kí ewé má bàa dún bí ó bá ń ṣí i.

Ní Sátidé kan ọ̀gá mi yìí kò tètè dé, ni wọ́n bá ní kí n ka ìkéde òkú. Inú mi dùn débi pé n kò kà á sínú kí n tó kà á síta. Ìwé àfọwọ́kọ ni, orúkọ méjì sì wà lókè rẹ̀: ti baba tí ó kú lóru, àti ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń kéde, ìyá aláṣọ kan ní ọjà ìlú. Orúkọ ọmọ ni mo kà mọ́ “olóògbé”.

Kí n tó jáde, igbe ti ta lọ́jà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìsọ̀ dé. Ìyá fúnra rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń se oúnjẹ àlejò, kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tí ó wá sunkún rí i, wọ́n sì sá!

Lọ́sàn-án ó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò bú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, dìde. Ìwọ ni o pa mí, wá jí mi.” Ó jókòó tì mí, mo ka àtúnṣe náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ti àárọ̀ ni ó gbọ́ ti ọ̀sán. Lẹ́yìn oṣù kan mo lọ kí i ní ìsọ̀; oníbàárà kan láti oko rí i, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo ní kí ọmọ náà máa bi ẹni tí ó mú ìwé wá pé ta ni ó kú, ta ni ó ń kéde, kí ó sì fi àmì ohùn sórí orúkọ gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ìkéde lọ náà, ẹ dúró kí wọ́n kà á fún yín.

Ó ní, “Ìyá náà ńkọ́?” Ó lò ju ogún ọdún lọ sí i. Nígbà tí ó kú ní tòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ mú ìkéde náà wá bá mi nílé, kí n kà á wò kí wọ́n tó gbé e lọ sí rédíò.