Owó Àwọn Ọmọ Wa Ń Sùn ní Àbújá

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tó 460,000 ní ọdún 1954 lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ọ̀fẹ́ náà kò já bọ́ láti ọ̀run o: àgbẹ̀ san owó-orí sí i, wọ́n sì kùn gidigidi, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi fìdí rẹmi ní agbègbè náà nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Awókòyà kò yẹsẹ̀.

Òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 di ọ̀fẹ́ àti dandan, ó sì ya owó sọ́tọ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí yóò gba owó ìkọ́lé nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye kan náà lélẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò mú tirẹ̀ wá fún ọdún púpọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé, tí kì í ṣe olè, wá ń lé ọmọ wálé nítorí owó bẹ́ǹṣì àti owó ṣọ́ọ̀kì. Ọmọbìnrin ni a sì sábà máa ń dá dúró sílé.

Ẹ̀yin ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, ẹ pe aṣojú yín ní ilé-aṣòfin ìpínlẹ̀ sí ìpàdé. Ẹ bi í pé: èló ni ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Èló ló dé ilé-ìwé abúlé wa? Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ ìyẹn náà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde.