Ẹ má ta ògiri lásìkò ìjì

Àwọn kan ní bí agbábọ́ọ̀lù bá ti lóun fẹ́ lọ, kí ẹgbẹ́ kàn tà á, kó gbowó. Ẹ̀yin ará, ẹ rántí Blackburn. Lóṣù Kejì ọdún 2012, wọ́n ń jà kí wọ́n má baà já kúrò ní Premier League, síbẹ̀ wọ́n ta Chris Samba, ògiri ẹ̀yìn wọn, fún Anzhi ní Rọ́ṣíà. Yakubu tiwa gbá góòlù 17 wọlé ní líìgì ní sáà yẹn, àmọ́ ipò 19 ni wọ́n parí sí. Wọ́n já, wọn ò sì tíì padà.

Lóòótọ́, Samba ló ní òun fẹ́ lọ, a ò sì lè so èèyàn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ló kù! Owó tó wà ní báńkì kì í gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá. Kí sáà parí ná, kó tó máa lọ.