Aṣọ Aláṣọ àti Òwú Àtúhun: Èsì fún Àwọn Tí Ń Bú Orin Ráàpù

Àròyé kan kì í tán lẹ́nu àwa olùkọ́ èdè Yorùbá nígbàkúùgbà tí a bá péjọ: pé orin ráàpù ti ba àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ́, pé kí a lé e jáde kúrò nínú ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀. Àwọn mìíràn tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú a máa dáhùn pé ohunkóhun tí ọmọ bá ti fi Yorùbá kọ, àtẹ́wọ́ ni ó tọ́ sí i. N kò fara mọ́ ìhà kìn-ín-ní, n kò sì fara mọ́ ìhà kejì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ọmọ kì í ṣe irú orin tí ó ń kọ, bí kò ṣe pé ìgbésí ayé ta ni ó ń fi kọrin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè. Ní ọdún 2005, Barbara Kopple, ará Amẹ́ríkà, darí sinimá kan tí a ń pè ní Havoc. Anne Hathaway ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun, ọmọ olówó Pacific Palisades ní Los Angeles, ni ìtàn náà dá lé lórí. Ilé ńlá ni wọ́n ń gbé. Síbẹ̀ wọn a máa múra bí ọmọ ìta, wọn a máa sọ̀rọ̀ bí akọrin ráàpù, wọn a sì máa ṣe bí ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ oníjàgídíjàgan. Nígbà tí eré náà kò tó wọn mọ́, wọ́n kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ìran wọn ti Mexico wá ti ń bá òṣì àti ewu gidi yí. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti já a. Ìyà ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fi ṣeré. Àwọn lè bọ́ ọ sílẹ̀ kí wọ́n padà sílé bàbá wọn. Ẹni tí wọ́n ń sín jẹ kò rí ibòmíràn padà sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọ̀ funfun ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Aláwọ̀ funfun ni Eminem, tí ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú 8 Mile, sinimá tí Curtis Hanson darí ní ọdún 2002. Ìtàn náà sún mọ́ ìgbésí ayé òun tìkára rẹ̀ ní Detroit: ilé tí kò bójú mu, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó jẹun. Nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn, ọmọkùnrin náà ka àbùkù ara rẹ̀ láìku ọ̀kan kí ọ̀tá tó ráyè kà á, ẹnu ọ̀tá sì wọhò. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ni ọnà tí ó fi kọrin. Òun ni ó ni ìgbésí ayé tí ó wà nínú orin náà. Ìyàtọ̀ tí mò ń tọ́ka sí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa níhìn-ín ní Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí kò rí Amẹ́ríkà rí ń fi imú sọ̀rọ̀, ó sì sọ ṣòkòtò kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdí. Ojú ń tì í láti kí ènìyàn ní "Okun o", ìkíni tí ó sọ Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ di ọmọ orúkọ kan náà. Bí a bá sì bá a wí, yóò kúrò ní sísín Amẹ́ríkà jẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sín Mushin jẹ, àdúgbò tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Yorùbá ni ẹnà ìgboro Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́rùn ọmọ Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, aṣọ aláṣọ náà ni. Rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ǹjẹ́ kí a wá sọ pé kí ọmọ má gba ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò? Àwọn baba wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ọkùnrin Bùnú máa ń hun láyé àtijọ́, tí a fi ń bu ọlá fún ìjòyè ńlá nígbà ìsìnkú. Òwú pupa inú rẹ̀, lára aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó ni wọ́n ti máa ń tú u. Wọn kò da bùláńkẹ́ẹ̀tì náà bora kí wọ́n máa yan kiri. Wọ́n tú u fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n sì fi òwú náà hun aṣọ tí òyìnbó kò mọ̀, aṣọ tí ó ga ju gbogbo aṣọ ilẹ̀ wọn lọ. Ọgbọ́n ìyá-nǹkan-lò nìyẹn.

Orin ráàpù pàápàá, òwú àtúhun ni. Ọmọ Jamaica ni Kool Herc, ẹni tí àríyá rẹ̀ ní Bronx, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ hip-hop. Nígbà tí ó kan tiwa, Lord of Ajasa fi Yorùbá ṣe é. Dagrin tẹ̀ lé e. Ó gbé àwo C.E.O jáde ní ọdún 2009, kí ó tó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú àwo náà ni a lè kà sétí ọmọdé, n kò sì ní kí a tì í lẹ́yìn lórí èyíkéyìí tí kò bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ìfọ̀rọ̀dárà, àwítúnwí, àfiwé àti ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀, kò tẹ́tí gbọ́ ọ. Èyí sì ni àwọn ọnà èdè tí a ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nínú ìdánwò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe akọrin ráàpù ni ó fagi lé e. Àgbàlagbà tí ó wọ agbádá ni. Ilé-ìwé tí ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ kò lẹ́nu láti bá ọmọ náà wí pé ó ń fi ohùn Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ pé tilé kò dára?

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí olùkọ́ mú orin ráàpù Yorùbá kan tí ó mọ́ wá sí kíláàsì, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjálá àti ewì, kí àwọn ọmọ tú ọnà rẹ̀ palẹ̀ bí a ti ń tú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù lọ bá ìyá àgbà nílé, kí ó gba orin kan ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ tirẹ̀ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí: oko iṣu, kọfí agbègbè Kàbbà, ẹ̀gbọ́n tí ó lọ sí Àbújá tí kò padà wálé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè, kí ọmọ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ ni yóò lè fi kún àjùmọ̀lò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò gba orin lẹ́nu yín. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, bí ẹ bá gbẹ́nu lé e, kí ará Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ tí ó gbọ́ ọ lè mọ ọmọ ẹni tí ń kọrin.