Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o, ẹ̀yin oní-kọ̀ǹpútà!

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣiṣẹ́ ìwádìí ni mo fẹ́ bá wí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àsìkò tó ń ṣòfò níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ṣẹ́ ẹ gbọ́ nípa Frontier? Oak Ridge, ní Tennessee l'Amẹ́ríkà, ló wà. Lọ́dún 2022, òun ló gbapò kìn-ín-ní láàrin gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé. Kì í ṣe ẹyọ kan o! Kọ̀ǹpútà tó lé ní 9,000 ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní core 64, ìyẹn ọpọlọ tó fi ń ṣiṣẹ́. Slurm ni agbèrò ibẹ̀, òun náà ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ẹ máa sọ iye ọpọlọ àti iye wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ fún un, á wá tò yín sórí ìlà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan rò pé béèyàn bá ti béèrè púpọ̀, iṣẹ́ á yá. Irọ́ ni! Iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún ọpọlọ kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá gba 32 fún un, 31 á kàn máa wòran ni. Ní Frontier, odidi kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń ka wákàtí ẹ̀ síni lọ́rùn, ẹ lò ó tán, ẹ ò lò ó tán. Látọ̀dọ̀ Gene Amdahl lọ́dún 1967 la ti mọ̀ pé tí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ ò bá ṣe é pín, kò lè yá ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ, kódà kẹ́ ẹ kó ẹgbẹ̀rún ọpọlọ tì í.

Ẹni tó béèrè púpọ̀ sì máa ń pẹ́ lórí ìlà. Ṣebí nínú danfo, ẹni tó dá wà ló ń rí àlàfo jókòó sí ṣáájú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́wàá.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ béèrè wákàtí tó kéré jù. Bí àsìkò bá pé, Slurm ò ní í wò ó pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, ṣe ló máa pa iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá tọ́jú ibi tó bá a dé, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti wọgbó nìyẹn!

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ kékeré dán an wò: ọpọlọ 1, 2, 4, 8. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò yá sí i mọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ka wákàtí tó gbà, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e. Ó tán!